Ọgbọ́n Àtọwọ́dá, Ogúnléndé àti Arọ́pò-Orúkọ "Wọ́n"

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè kan ṣe ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó wá tọrọ ibi ìsádi yẹ̀ wò. Ó fi arọ́pò-orúkọ "wọ́n" ṣe àpẹẹrẹ bí ẹ̀rọ ṣe lè sọ olóòótọ́ di onírọ́, ó sì dá àbá lórí ohun tí àwa olùkọ́ èdè lè ṣe sí i.

Ìfáárà

Okrika tí a ti ń kọ iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ogoni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ogoni sá lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn kan sì ti ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ẹni tó ń wá ibi ìsádi a jókòó níwájú òṣìṣẹ́, a ro ẹjọ́ rẹ̀, ògbufọ̀ a sì bá a túmọ̀ rẹ̀ bí ó bá yẹ. Lónìí, ẹ̀rọ ti ń wọ àárín wọn.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe

Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951, ogúnléndé ni ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù tó nídìí pé wọn yóò fìyà jẹ òun nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ tó wà láwùjọ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í sábà ráyè kó ìwé. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi máa ń fi ohun tó kọ́kọ́ sọ wé ohun tó sọ lẹ́yìn. Bí méjèèjì kò bá bára mu, a lè kà á sí onírọ́.

Láti ọdún 2017, Jámánì ti ń lo ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ èdè Lárúbáwá, tí ó sì ń fojú díwọ̀n ẹ̀ka-èdè rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá. Ní Bìrìtéènì, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé dán irinṣẹ́ méjì wò: ọ̀kan ń ṣe ìsọníṣókí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èkejì ń wá àlàyé nípa ìlú tí olùbẹ̀bẹ̀ ti wá. Ìjábọ̀ wọn ní ọdún 2025 ní àkọ́kọ́ ń dín ìṣẹ́jú 23 kù lórí ẹjọ́ kan, èkejì ń dín 37 kù. Ìjábọ̀ kan náà ní nínú ìsọníṣókí 100, nǹkan bí 9 ni wọ́n yọ kúrò nítorí àṣìṣe tàbí nítorí pé wọn kò tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ènìyàn ló ń ṣe ìpinnu, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ gé kúrú ló wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtúmọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìròyìn kan jáde ní ọdún 2023 nípa obìnrin ará Afghanistan kan tó ń sọ èdè Pashto, tí wọ́n kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ti fẹnu sọ pé òun nìkan ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. Ìwé rẹ̀ ní àwọn mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtúmọ̀ ló ti sọ "mo" di "a".

Àpẹẹrẹ láti inú Yorùbá

Bí "mo" bá lè di "a", kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí "wọ́n"? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí obìnrin kan lè sọ:

"Bàbá ọkọ mi pè mí sí yàrá. Wọ́n gbá mi létí. Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ ilé wa; wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

"Wọ́n" àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀wọ̀: ẹnìkan ṣoṣo ni. Ìkejì kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó; ikú ẹ̀gbọ́n ló jẹ ẹ́ lógún. Ìkẹta nìkan ni ọ̀pọ̀ gan-an. Ìyá aláta lọ́jà kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ̀rọ bá sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbá a létí. Lọ́jọ́ tó bá wá sọ pé bàbá kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tako ara wọn. Bákan náà, "ẹ̀gbọ́n" àti "ó" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹ̀rọ lè pè é ní ọkùnrin lójú ìwé kan, kí ó pè é ní obìnrin lójú ìwé kejì.

Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sí i. "Won gba oko mi": ṣé oko ni, tàbí ọkọ̀, tàbí ọkọ́?

Òótọ́ ni pé ẹjọ́ pọ̀ nílẹ̀, ìdúró pípẹ́ sì ń jẹ olùbẹ̀bẹ̀ níyà. Ògbufọ̀ náà a máa ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó dáńtọ́ lè béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹnìkan ni àbí wọ́n pọ̀?" Ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kì í bi olùbẹ̀bẹ̀ léèrè, ó mú ọ̀kan, ó sì kọjá. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù pàápàá ti ka irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó léwu gidigidi nínú òfin wọn ti ọdún 2024.

Àbá àti ìgúnlẹ̀

Ẹni tó bá ń ro ẹjọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó máa dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, kí ó sì sọ iye wọn. Kí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ òun padà sí òun létí ní èdè òun kí òun tó buwọ́ lù ú.

Àwa olùkọ́ ní iṣẹ́ tiwa. Kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ògbufọ̀, kí a má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àmì ohùn. Kí àwọn akẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní àwọn èdè mìíràn náà wo ibi tí ẹ̀rọ ti lè ṣi èdè tiwọn gbọ́. Nàìjíríà pàápàá ń gba ogúnléndé: láti ọdún 2017 ni àwọn ará Cameroon ti ń sá wọ Ìpínlẹ̀ Cross River. Bí ẹ̀rọ bá dé ọ́fíìsì tiwa lọ́la, èdè wọn ni yóò wà lẹ́nu ìdánwò.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó sì fi àṣìgbọ́ dá ẹjọ́ kò tíì gbọ́ tẹnu ẹnì kankan.