Ẹ Wo Ohun Tí Ó Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ra ilé sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ilé nìkan kọ́ ni ẹ rà. Ẹ ra koríko mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó mọ ilé tún ṣe a máa gbá àgbàlá rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tónítóní. Koríko tó bá yọjú, ọkọ́ ni yóò lọ bá a. Ní Houston, ilẹ̀ tí koríko kò bò ni wọ́n ń kà sí àbùkù. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní HOA, lè bu owó ìtanràn lé ẹni tí koríko rẹ̀ bá ga jù. Iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí a ráyè, la ṣe ń wá agbaṣẹ́ṣe.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó mọṣẹ́? Àwọn kan ń wo bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe tóbi tó, àwọn mìíràn ń wá ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Èmi á ní kí ẹ rántí ẹni tó ń gé ṣọkọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣe é. Ọ̀bẹ mímú ló mú dání. Orí ló ń gé, ó sì ń fi ewé sílẹ̀ nísàlẹ̀, torí ewé ni ewébẹ̀ fi ń gba agbára lára oòrùn. Kò ní pẹ́ tí ẹ̀ka tuntun yóò fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ mìíràn á tún délẹ̀. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gé, tó gé e mọ́lẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ kan péré ló rí sè. Koríko St. Augustine, tó wọ́pọ̀ gan-an níwájú ilé ní Houston, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ó yẹ kó ga tó bí íǹṣì 3 sí 4, a kì í sì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá fá a mọ́lẹ̀ kí ó lè pẹ́ kó tó padà wá, oòrùn oṣù kẹjọ ni yóò parí iṣẹ́ náà: ilẹ̀ á hàn síta, á gbóná, á gbẹ, èpò á sì gba àyè.

Ọ̀bẹ tó kújú kì í gé ewé, ńṣe ló ń fà á ya, etí ewé á sì dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Irin ẹ̀rọ ìgékoríko tó kújú ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó júwe ilé kan tó gé ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Ẹ lọ, ẹ kí onílé, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mú ewé kan wò. Bí ojú ibi tó gé bá tẹ́jú, ó dáa. Bí ó bá fà ya jákujàku, tó sì ti gbẹ lórí, ẹ má pe ọkùnrin náà mọ́. Mo gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ kan yẹn sàn ju gbogbo ìwé ìpolówó lọ.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé kí ló máa ń ṣe bí apá kan koríko bá ṣàdédé pọ́n. Ẹni tó mọ ṣọkọ̀ kì í rí ewé tó rọ kó kàn máa da omi sí i. Á yí ewé padà wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Kòkòrò bíńtín kan wà ní Houston, chinch bug, tó máa ń fa omi ara St. Augustine mu nígbà ooru, pàápàá létí ọ̀nà onísìmẹ́ńtì tí oòrùn ń pa. Ibẹ̀ á gbẹ bíi pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ tẹ́tí sí i bóyá yóò sọ pé òun á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ wo ìdí koríko. Kó tó lè fọ́n oògùn apakòkòrò gba owó, òfin béèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Texas Department of Agriculture. Gígé koríko lásán kò béèrè irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ àti ọkọ̀ fi lè kan ilẹ̀kùn yín. Òfin Texas kò sì fi dandan lé e pé kí agbanisíṣẹ́ aládàáni ra ìdójútòfò fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa. Ẹ béèrè rẹ̀, pẹ̀lú ti dúkìá, torí òkúta tí ẹ̀rọ bá ta lè fọ́ fèrèsé aládùúgbò.

Ìmọ̀ oko kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nílé: ebè. Wọ́n máa ń tẹ́ èèpo igi tí wọ́n rún wẹ́wẹ́ sí ìdí igi kí ilẹ̀ má baà tètè gbẹ, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe mìíràn á wà á jọ yí igi ká bí ebè, ojú wa á sì gbà á, torí ebè la mọ̀. Iṣu fẹ́ kí a bò ó. Ìdí igi fẹ́ atẹ́gùn. Bí a bá bò ó, ara igi á máa rin tọ̀sán-tòru, á sì jẹrà.

Tó bá kan ìwé àdéhùn, a kì í jẹ́ kí alágbàṣe gbé ọkọ́ kí a tó wọn ilẹ̀ fún un. Ẹ kọ iye ìgbà tí yóò wá lọ́dún, torí koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nígbà òtútù. Ẹ kọ ẹni tí yóò kó ewé tó jábọ́, àti iye ọjọ́ tí ẹ máa fi sọ fún un tẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró. Kí ẹ sì kọ gíga tí yóò fi koríko sí, ní íǹṣì. Bí kò bá fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹ pe ẹlòmíràn.