Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ikú Gene Hackman àti Betsy Arakawa

26 oṣù Kejì 2025 ni wọ́n bá Hackman, òṣèré Amẹ́ríkà ẹni ọdún 95, àti Betsy ìyàwó rẹ̀, ẹni ọdún 65, lókùú nílé wọn ní Santa Fe. Ajá wọn kan náà kú. Hóró oògùn tó túká nítòsí Betsy wà lára ohun tó dá ariwo sílẹ̀: àwọn kan ní gáàsì ni, àwọn kan ní wọ́n pa wọ́n ni.

Eku ni, ẹ gbà mí! Hantavirus, àrùn tí eku ń gbé kiri, ló pa Betsy. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àrùn ọkàn pa ọkọ, ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti mú débi pé ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ pé ìyàwó òun ti kú.

Ibẹ̀ lẹnu ti wọhò. “Ta ló pa wọ́n?” wá di “Ṣé kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ni?” Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀, kí n tó rántí pé mi ò tíì pe màámi láti Sọ́ńdè.