Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run

Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde nílé iṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ẹ ó rí wọn lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ: ẹ̀bà ńlá, ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan. Ta ni yóò bá wọn wí? Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìgò náà. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára. Bí gíráàmù ṣúgà 10 bá wà nínú sẹ́ńtílítà 10, ìgò sẹ́ńtílítà 50 ní gíráàmù 50. Èyí tó ṣíbí tíì 12. Ta ni nínú yín tí yóò bu ṣíbí ṣúgà 12 sínú ife tíì kan? Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ìwọ̀n tí kò yẹ kí ṣúgà kọjá. Fún àgbàlagbà, ó tó nǹkan bíi gíráàmù 50 lóòjọ́. Ìgò kan ti gbé e tán!

Epo ńkọ́? Gíráàmù ṣúgà kan ní agbára kálórì 4. Gíráàmù epo kan ní 9, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró. Agbára tí a kò bá lò, ara a tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń dá àjọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó sì sábà máa ń wá gba àjọ náà.

N kò ní kí ẹ pa adùn tì. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa, kì í sábà bó tán. Èèpo tó kù lára rẹ̀ a máa mú kí inú tètè kún. Ẹ bù ú níwọ̀n sínú ewé eéran, ẹ dín epo ọbẹ̀ kù, ẹ fi ẹja àti ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ fi omi tútù tẹ̀ lé e, tàbí sóbò tí a kò fi ṣúgà sí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ bá àwọn òbí yín ṣe ìṣirò yìí. Ẹ pín ìwọ̀n kílò wọn fún gíga wọn ní mítà, kí ẹ tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, tó sì wọn kílò 64, yóò rí 25. Láti 25 lọ sókè, àwọn oníṣègùn ní ara ti sanjù. Ti àgbàlagbà nìyí o. Ti ọmọdé yàtọ̀.

Ẹ jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n jẹ ẹ́. Ó dàbọ̀.