Ike Omi Tó Ń Kún Bọ̀ Láti Ilé Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àṣìṣe tèmi fúnra mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé bí pásítọ̀ bá ń sọ àṣìṣe àwọn ẹlòmíràn lójoojúmọ́ tí kò sọ tirẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ ènìyàn létí mọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ìjọ mi mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó wà ní kíláàsì kẹrin. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà kò fẹ́ lọ sí ilé ìwé mọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti ń mọ́ báyìí, inú á máa run ún. Bí wọ́n bá sì fi tipátipá mú un lọ, orí fífọ́ ni yóò gbé wálé. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí ibà níbẹ̀. Èyí tó wá ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù jù ni pé lóru, nínú oorun, ọmọ náà á máa ké pé, "Òjò, òjò, ẹ má ṣe òjò mọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Bí mo ti gbọ́ òjò, omi ni ọkàn mi lọ. Mo ní ẹ̀mí omi ló ń yọ ọmọ náà lẹ́nu. Mo kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ìyá rẹ̀, mo fi òróró yan ọmọ náà lórí, mo sì gbé ìgò òróró náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó máa fi pa á lórí ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Kì í ṣe pé mo ń fojú tín-ín-rín àdúrà o. Àdúrà ló mú mi dúró títí di òní. Ṣùgbọ́n mi ò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mi ò wo ojú rẹ̀.

Ìyàwó mi ló wo ojú rẹ̀. Ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń múra àtilọ, ó sì rí ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì ọmọ náà. Láti ilé ìwé ni wọ́n ti wá tààrà, oòrùn mú ganrín-ganrín, síbẹ̀ ike náà kún bámúbámú bí ìyá rẹ̀ ṣe rọ omi sí i láàárọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, kí ló dé tí o kò mu omi rẹ?" Ọmọ náà wolẹ̀. Ó tún bi í pé, "Ta lo máa ń jókòó tì bí ẹ bá ń jẹun ọ̀sán?" Ẹkún ló fi dá a lóhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ó fẹ́ lọ tọ̀, ó na ọwọ́ sókè, olùkọ́ ní kí ó jókòó títí iṣẹ́ yóò fi parí. Kò lè dúró. Ó tọ̀ sára lójú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Òjò. Òjò jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá tó níyì láàárín Yorùbá, orúkọ bàbá bàbá mi gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ tí ẹnu ẹlẹ́yà kò lè sọ di èébú. Bí ọmọ náà bá wọlé, ẹnìkan á ṣe "ṣàà" bí òjò tó ń rọ̀, àwọn yòókù á gbè é. Wọn kì í mú un mọ́ra nínú bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì í. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wá fi ọgbọ́n ara rẹ̀ rò ó pé bí òun kò bá mu omi, òun kò ní tọ̀, wọn kò sì ní rí òun pè ní Òjò mọ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nínú ooru, kò ní fi omi kan ẹnu. Ṣé ẹ rí ibi tí orí fífọ́ ti wá? Ṣé ẹ rí òjò tí mo ń gbààwẹ̀ lé jáde?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí Bíbélì sí Sámúẹ́lì Kìíní orí kìíní, orí tí mo ti fi wàásù láìmọye ìgbà fún àwọn tó ń wá ọmọ. Mi ò kà á rí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. A kò kà á pé Pẹnínà na Hánà, a kò kà á pé ó gba oúnjẹ rẹ̀. Ó kàn ń mú un bínú ni, ọdọọdún ló sì ń ṣe é, ní ibì kan náà, nígbà tí wọ́n bá gòkè lọ sí Ṣílò. Ibi tó yẹ kí inú Hánà ti dùn jù ni ibi tó ti ń sunkún tí kò lè jẹun. Ẹ wá wo Ẹlikánà ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ìpín tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì ń bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún, pé ṣé òun nìkan kò tó fún un ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú orí náà tí a ti kà pé ó pe Pẹnínà jókòó. Báyìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa òbí ń ṣe. A ó fi ẹran kún oúnjẹ ọmọ, a ó ra bisikíìtì fún un, a ó ní, "Ṣé èmi tí mo fẹ́ràn rẹ kò tó ni?" Kò tó, ẹ̀yin ará mi. Ìfẹ́ tó wà nílé kò dí ẹnu àwọn tó wà ní kíláàsì.

Élì àlùfáà ńkọ́? Ó jókòó nínú ilé Olúwa, ó ń wo ẹnu obìnrin náà, ó sì parí ọ̀rọ̀ sí pé ọtí ló ń pa á. Èmi ni Élì. Ohun tó dára lára bàbá náà ni pé nígbà tí ó gbọ́ àlàyé, ó yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kò sọ ohun tó jìnnà sí ìtàn Hánà. Dan Olweus, ọ̀jọ̀gbọ́n tí a bí ní Sweden, tó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní ìlú Bergen ní Norway, tó sì kú ní 2020, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìwádìí tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun mẹ́ta ló ní kí á fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ìjà ọmọdé lásán: ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, ó ń ṣe é léraléra, agbára àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Ní 1982, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀mí ara wọn ní àríwá Norway, wọ́n sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi ojú wọn rí ló fà á. Ní 1983 ni orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn ilé ìwé wọn. Ọmọ mẹ́ta kú kí àwọn àgbà tó jí. Nílẹ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, sọ pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pa ọmọ lára tàbí pa á ní ọkàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í jókòó sí kíláàsì kẹrin nígbà tí olùkọ́ bá jáde.

Àwọn ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba, tí wọ́n ń jà lórí suwé tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ fúnra wọn; kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti gbàgbé. Èyí tí mo kórìíra ni kí olùkọ́ fa ọmọ tí gbogbo kíláàsì ń fi ṣe ẹlẹ́yà jáde pẹ̀lú olórí àwọn ẹlẹ́yà, kí ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, pé ó ti parí. Kí ló parí? Àwọn olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí tíṣà bá pe ọmọ ní olódo ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, orúkọ tí yóò máa jẹ́ ní pápá ìṣeré nìyẹn.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí mo ti wà lápá kejì rí. Oṣù Kẹsàn-án 1976 ni mo bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE sílẹ̀. A pọ̀ bí eéṣú, ilẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ń jókòó sí. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń kólòlò. Kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń sín in jẹ tó mi. Bí olùkọ́ bá ti pè é pé kó kàwé, ojú gbogbo kíláàsì á yí sọ́dọ̀ mi. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé mi tó ti lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó rí òun, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tún padà sọ́dọ̀ mi. Ní 2009 mo pàdé rẹ̀ níbi ìnáwó òkú àgbà kan. Ó dì mọ́ mi, ó bèèrè ìyàwó, ó bèèrè ọmọ, ó pè mí ní pásítọ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ṣ-ṣé o ṣì lè ṣe é?" Ọdún 33 ti kọjá! Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn tó jókòó tì wá. Ó ní òun ti gbàgbé. Ẹni tó gbàgbé kì í béèrè irú ìbéèrè yẹn.

Nítorí náà, ọmọ tó ń fi ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ wádìí ohun tó ń bẹ̀rù. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ má sì kàn wo àwọn ọmọ méjì náà. Ẹ wo àwọn tó ń gbè é àti àwọn tó ń wòran. Nígbà tí àwọn ará ilé Jósẹ́fù fẹ́ pa á, Rúbẹ́nì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n jù ú sínú kòtò, lérò pé òun yóò padà wá yọ ọ́. Nígbà tí yóò fi padà dé, wọ́n ti tà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ dáadáa nílé, Rúbẹ́nì ni wọ́n ní ilé ìwé. Àwọn olùwádìí kan ní Kánádà ya fídíò àwọn ọmọ ní pápá ìṣeré; ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé bí ọmọ ẹlẹgbẹ́ wọn bá dá sí i, ó ju ìdajì ìgbà lọ tí ìyọlẹ́nu náà ń dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà 100, bí ìgbà 19 péré ni wọ́n ń dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọmọ wa. Ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ dúró láàárín pápá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kí ó pariwo. A bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kí ọmọ náà gbá ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní Òjò létí. Ó yé mi, ọkùnrin ni èmi náà. Ṣùgbọ́n kíláàsì tí ọmọ tó wà níbẹ̀ lé ní ogójì, ti mélòó ni yóò gbá? Ìyàwó mi ní kí wọ́n fi ṣe eré nílé: kí bàbá ṣe bí ẹlẹ́yà, kí ọmọ dúró ṣánṣán, kí ó wo ojú rẹ̀, kí ó ní, "Orúkọ mi kọ́ nìyẹn," kí ó sì rìn kúrò, kí ó má sáré. Bàbá náà kò mọ òjò ṣe rárá; ó dà bí ẹni tó ń dín dòdò. Ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n pe ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó ń gbé ní àdúgbò wọn wá jẹ àkàrà. Wọn kò pe méjì. Ọ̀kan tó.

Lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé ìwé, ìyá rẹ̀ lọ bá olùkọ́ ní jẹ́jẹ́. Olùkọ́ náà kọ́kọ́ fajú ro, kí ó tó rántí pé òun lòun ní kí ọmọ jókòó lọ́jọ́ náà. Ó wá kéde pé ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lè jáde láìbèèrè, ó yí àga wọn padà, ó sì pe olórí àwọn ẹlẹ́yà lóun nìkan, kò pè é lójú kíláàsì. Àṣé àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní orúkọ tí wọ́n ń pe òun náà.

Ní ti àwọn ọmọ girama, ẹ wo fóònù wọn pẹ̀lú, nítorí yẹ̀yẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì ń bá wọn dé orí ibùsùn nínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Bí ọmọ bá sì ti ilé ìwé dé, ẹ má kàn bi í pé, "Ṣé dáadáa ni?" Dáadáa ni yóò wí. Ẹ bi í pé ta ló bá ṣeré, ta ni kò rí ẹni bá ṣeré.

Kò parí lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnìkan tún ṣe "ṣàà", ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn sì ní, "Ó ti sú wa o." Ọmọ wa kò di aláriwo, ọmọ jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ náà ni. Ike omi rẹ̀ kọ́kọ́ ń bọ̀ wálé ní ìdajì, lẹ́yìn náà ó ń bọ̀ ní òfìfo. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ń béèrè fún ike tó tóbi jù ú lọ. Ìgò òróró mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì lè ní kó dá a padà.