Ẹni Tó Gbé Epo Lájà, Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Anini àti Iyamu

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òwe yìí ò dá olè láre o. Ohun tó ń sọ ni pé ìkòkò epo tó wà lókè àjà wúwo, ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá a gbé sọ̀kalẹ̀ kó má dà nù. Ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kejì yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ìdí tí mo fi gbé e wá ni ìbéèrè kan táwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Bọ́ládé níbí máa ń bi mí: "Bàbá, báwo ni ọmọ gáréèjì lásán ṣe ń di ẹni tápá ọlọ́pàá ò ká mọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ń gbé Òṣòdì mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan tí a kì í rí àgbèrò níbi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní kúrò nídìí tíkẹ́ẹ̀tì láyé. Kí ló wá ń mú kí ọ̀kan ṣoṣo ga débi tí gbogbo ìlú á máa gbọ̀n? Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Òṣòdì díẹ̀, ká lọ sí ìlú Benin lọ́dún 1986, nígbà tó ṣì jẹ́ olú ìlú Ìpínlẹ̀ Bendel.

Awakọ̀ tó di ọ̀gá olè

Lawrence Nomanyagbon Anini ni orúkọ ọkùnrin náà. Abúlé kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Benin ni wọ́n bí i sí. Ó wọ̀lú ní kékeré, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì di awakọ̀ takisí tó mọ iṣẹ́ dunjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gáréèjì mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ wíwà nìkan lèèyàn ń kọ́ níbẹ̀. Èèyàn á mọ ẹni tó ń gbowó, á mọ ẹni tó ń parí ìjà, á sì mọ ẹni tó ń wá gba ìpín tiẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Láàárín àwọn àgbèrò tó ń bára wọn du owó, Anini lẹni tó lè dá sí i tí wọ́n á gbọ́.

Nígbà tó yá, ó ń wakọ̀ fáwọn olè. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Awakọ̀ olè ló ń mọ ibi tí wọ́n ti jalè, ibi tí wọ́n kó ẹrù sí, àti ilé ẹni tí wọ́n gbé ìpín lọ. Lẹ́yìn èyí ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú Monday Osunbor àtàwọn mìíràn. Wọ́n ń já ọkọ̀ gbà, wọ́n ń dá bọ́ọ̀sì lọ́nà, wọ́n sì bọ́ sí báńkì. "The Law" làwọn èèyàn ń pè é, ìyẹn ni pé òun ni òfin. Ẹ gbọ́ orúkọ tí olè ń jẹ́!

Ẹ rántí pé ìjọba ológun là ń ṣe nígbà yẹn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1985 ni Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ti gorí àga. Kò sí gómìnà tá a dìbò yàn, kò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí jàǹdùkú lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ni agbára wà. Torí náà, ọ̀daràn tó bá ń wá ààbò, ọ̀dọ̀ aláṣọ ìjọba ló máa gbà lọ.

Àdéhùn tó dàrú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, wọ́n mú méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Anini, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé àdéhùn abẹ́lẹ̀ ti wà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá kan pé ẹ̀rí tó lè kó bá wọn máa dàwátì. Ẹ̀rí ò dàwátì. Anini kà á sí ọ̀dàlẹ̀, ló bá dojú ìbọn kọ ọlọ́pàá.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ya wọ First Bank ní Sabongida-Ora. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà (₦2,000) péré ni wọ́n rí kó níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n já Peugeot 504 ọ̀gá ọlọ́pàá ńlá kan, AIG Christopher Omeben, gbà, wọ́n sì pa awakọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ òmìnira gan-an, wọ́n yìnbọn lu Casmir Akagbosu, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá Bendel, lójú títì. Díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, iye ọlọ́pàá tí wọ́n pa tó mẹ́sàn-án. Wọ́n tún ní Anini fọ́n owó sílẹ̀ fáwọn ará ọjà, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí kan sáárá sí i, bí ẹni pé kì í ṣe owó ẹlẹ́jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi ìpàdé àwọn tó ń ṣèjọba. Níbẹ̀ ni Babangida ti yíjú sí Etim Inyang, ọ̀gá àgbà pátápátá fún iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, tó bi í pé: "Ọ̀rẹ́ mi, Anini dà?" Gbogbo Nàìjíríà ló gba ìbéèrè yẹn sẹ́nu. Ẹ ronú sí i: ààrẹ ológun, pẹ̀lú gbogbo ìbọn tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ń wá awakọ̀ takisí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1986, ọwọ́ bà á. Ilé kan ní òpópónà Oyemwosa ní Benin ni wọ́n ti ká òun àtàwọn obìnrin mẹ́fà mọ́. Kayode Uanreroro ló ṣáájú àwọn ọlọ́pàá tó lọ. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀, débi pé àwọn dókítà ní láti gé ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n wọn ò pa á. Ibi tí kókó ọ̀rọ̀ mi wà nìyẹn.

"Bàbá"

Nítorí pé Anini wà láàyè, ó sọ̀rọ̀. Orúkọ tó jáde jù ni ti DSP George Iyamu, ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Benin níbẹ̀. Ẹ̀rí tó jáde ni pé Iyamu ń tú àṣírí ọlọ́pàá fún wọn, ó ń bá wọn wá ohun ìjà, ó sì ń gba ìpín nínú ohun tí wọ́n bá kó bọ̀. Ẹ mọ orúkọ táwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń pè é? "Bàbá." Àwa tá à ń sọ pé bàbá ìsàlẹ̀, ẹ ò rí i pé a ò sọ àsọdùn.

Níwájú Adájọ́ James Omo-Agege ni wọ́n ti ro ẹjọ́ náà. Ìdájọ́ ikú ni Anini, Osunbor àti Iyamu gbà, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1987. Nílẹ̀ wa níbí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó gbé epo àti ẹni tó gbà á sílẹ̀ jọ gba ìdájọ́ kan náà.

Bó ṣe rí ní Íńdíà

Kẹ́ ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, ẹ jẹ́ ká wo Atiq Ahmed, ará ìlú Allahabad tí wọ́n ń pè ní Prayagraj báyìí. Ọmọ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kérò ni. Bí Anini, ìdí ọkọ̀ ló ti wá. Àmọ́ òṣèlú wà ní Íńdíà, torí náà Atiq ò wá bàbá ìsàlẹ̀ lọ títí, òun fúnra rẹ̀ ló wọlé ìbò. Láti ọdún 1989, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló wọlé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh. Lọ́dún 2004, ó di aṣòfin àpapọ̀ fún Phulpur, àgbègbè tí Jawaharlal Nehru fìgbà kan ṣojú fún.

Lóṣù kìíní ọdún 2005, wọ́n yìnbọn pa Raju Pal, ẹni tó fẹ̀yìn àbúrò Atiq balẹ̀ nínú ìbò. Atiq wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ọdún 2023 ni wọ́n tó rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére, torí pé ó jí ẹlẹ́rìí kan nínú ọ̀rọ̀ náà gbé. Ẹjọ́ ìpànìyàn yẹn gan-an ò tíì parí nígbà yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, òun àti àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n ń dá àwọn akọ̀ròyìn lóhùn. Ọkùnrin mẹ́ta tó ṣe bí akọ̀ròyìn fa ìbọn yọ, wọ́n pa àwọn méjèèjì lójú kámẹ́rà. Bí gbólóhùn ẹnu àbúrò rẹ̀ ṣe já sí méjì nìyẹn. Ẹni tó ti bá olóṣèlú rìn fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó mọ̀ bá a wọlẹ̀.

Olè tó ti kú kì í dárúkọ

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ nìyí. Kì í ṣe ìbọn ló ń gbé jàǹdùkú ga. Ọ̀pọ̀ ló níbọn tí wọn ò pé oṣù kan. Ààbò ló ń gbé e ga, àdéhùn tó dàrú ló sì sábà ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ìjọba bá jẹ́ ti ológun, aláṣọ ìjọba ló ń ta ààbò yẹn. Bó bá jẹ́ ti alágbádá, olóṣèlú á dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ohun tó sì ń dùn mí jù nìyí. Ní Èkó yìí, tọ́wọ́ bá tẹ olè lójú títì, kí wọ́n tó bi í léèrè ohunkóhun, táyà àti bẹntiróò ti dé. Àwọn kan á pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé inú ń bí wọn. Ẹni tí wọ́n jà lólè ló mọ bó ṣe ń dun òun. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: ká ní wọ́n dáná sun Anini ní Oyemwosa lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, ta ni ì bá dárúkọ Iyamu? Yóò ti múra, yóò ti lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, yóò sì ti wá awakọ̀ mìíràn.

Torí náà, nígbà mìíràn tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti pa ọ̀gá jàǹdùkú kan níbì kan, ẹ má yára yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti rójú sọ̀rọ̀ kó tó kú, àti ta ni ikú rẹ̀ fi lọ́kàn balẹ̀.