Owó tó ń wọlé ló ń sọ ẹni tí yóò rí oògùn ìsanra gbà l'Amẹ́ríkà

Ìlera loògùn ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà máa ń wí. Ṣùgbọ́n lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ẹ́ dorí kodò fún àwọn tí ìsanra àpọ̀jù ń dà láàmú, nítorí pé ọrọ̀ gan-an ló fẹ́ di oògùn ìlera.

Oṣù Kẹfà, ọdún 2021, ni àjọ FDA, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Wegovy fún dídín ìsanra kù. Zepbound tẹ̀lé e lóṣù Kọkànlá, ọdún 2023. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gún wọn, ẹni tó bá sì dá a dúró sábà máa ń padà sanra. Nígbà tí Wegovy jáde, nǹkan bíi 1,350 dọ́là ni iye tí wọ́n fi lé e lórí fún oṣù kan, èyí tó lé ní 16,000 dọ́là lọ́dún. Bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ láti ọdún 2009 kò ju 7.25 dọ́là lọ fún wákàtí kan. Ẹni tó bá ń fi 40 wákàtí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, láìsinmi rárá, yóò gba 15,080 dọ́là lọ́dún. Ní iye ìgbà náà, gbogbo owó rẹ̀ kò lè ra oògùn náà tán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi dọwọ́ adójútòfò ìlera. Ìwádìí tí àjọ KFF ṣe lọ́dún 2024 fi hàn pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ṣeé ṣe jù kí ètò adójútòfò wọn sanwó oògùn ìsanra. Òṣìṣẹ́ wọn tún lè lo káàdì ẹ̀dínwó tí àwọn tó ń ṣe oògùn ń pín. Òfin kò gba ẹni tó wà lábẹ́ adójútòfò ìjọba láyè láti lò ó.

Medicaid ni ti àwọn tálákà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti fẹ ètò náà lójú, ẹni tó ń dá gbé tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 21,600 dọ́là lọ lọ́dún 2025 lè wọ inú rẹ̀. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bóyá yóò sanwó oògùn ìsanra. California, tó ń san án tẹ́lẹ̀, dá a dúró fún àwọn àgbàlagbà lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026.

Àwọn tó wà láàárín ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Bí àfikún owó oṣù kékeré bá mú wọn kọjá ààlà Medicaid, wọ́n ní láti ra adójútòfò fúnra wọn, díẹ̀ nínú irú rẹ̀ ló sì ń sanwó oògùn yìí.

Ní ti àwọn arúgbó, òfin ọdún 2003 kò jẹ́ kí Medicare sanwó oògùn tó wà fún ìsanra nìkan. Lẹ́yìn tí FDA fọwọ́ sí Wegovy lóṣù Kẹta, ọdún 2024, láti dáàbò bo àwọn alárùn ọkàn tó sanra, àyè ṣí fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ìjọba kéde àdéhùn pẹ̀lú Novo Nordisk àti Eli Lilly láti dín iye oògùn wọn kù.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Kí èèyàn tó gba iṣẹ́ tuntun nítorí owó oṣù, ó yẹ kó béèrè ohun tí adójútòfò ibẹ̀ ń san. Owó oṣù lè lé sí i, kí oògùn sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni.