Bí Ẹja Àrọ̀ Ṣe Di Òwò ní Àkúrẹ́

Àkúrẹ́ kì í ṣe ìlú apẹja. Odò Àlà tó la àárín rẹ̀ kọjá kò tó ohun tí ènìyàn ń kó àwọ̀n lọ bá. Etí òkun níhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, ni ẹja yíyan ti máa ń gba Igbókòdá gòkè wá sí Ọjà Ọba àti ọjà Ìsinkàn. Nígbà tó yá, ẹja inú yìnyín tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wọlé láti òkèèrè, èyí tí aráàlú mọ̀ sí títù àti kòtè, dara pọ̀ mọ́ ọn. Lónìí, ẹja kẹta ti wà lórí àtẹ, ìyẹn àrọ̀ tí wọ́n sìn nínú ìlú fúnra rẹ̀, tó ń wà láàyè nínú ọpọ́n títí oníbàárà yóò fi tọ́ka sí èyí tó wù ú. Ìmọ̀ ló mú un débẹ̀, kì í ṣe omi.

Ọ̀sìn ẹja, ìyẹn títọ́ ẹja nínú omi tí ènìyàn sé fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun ní Nàìjíríà. Ìjọba amúnisìn ti dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní Oníkan l'Ékòó àti ní Panyam nítòsí Jos, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ aráàlú. Ẹpìyà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ sìn máa ń bímọ lábíìdákẹ́ nínú adágún títí àyè kò fi ní gbà wọ́n mọ́, tí gbogbo wọn yóò sì rán. Òdìkejì ni ti àrọ̀, tí kì í fẹ́ yé ẹyin nínú adágún rárá, nítorí pé ìgbà tí òjò bá mú kí odò kún bo bèbè ni abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin sára koríko tó rì. Ẹni tó bá fẹ́ sìn ín ní láti máa wá ọmọ ẹja kiri inú àbàtà, ìwọ̀nba tí ó bá sì rí ni yóò sìn.

Àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ tú ìdè yìí, nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Central African Republic àti ní ilẹ̀ Netherlands. Kókó kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja, tí wọ́n ń pè ní pituitary, tó ń mú kí ẹyin gbó kí ó sì jáde. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́, tí wọ́n pò ó mọ́ omi iyọ̀, tí wọ́n sì fi gún abo ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ yóò ṣe bí ẹni pé ìkún omi ti dé. Oògùn ilé iṣẹ́ bí Ovaprim ti ń ṣe iṣẹ́ kókó náà báyìí. Ní bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọn yóò rọra tẹ ikùn abo kí ẹyin lè tú jáde, wọn yóò sì pa akọ, nítorí àtọ̀ rẹ̀ tí wọn yóò pò mọ́ ẹyin kì í ṣe é tẹ̀ jáde. Nígbà tó bá fi di bí ọjọ́ kan, ẹyin ti pa. Àrọ̀ sì tún ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde, èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè gbé pọ̀ nínú táǹkì kọ́ńkéré kan, kí ó sì dé ọjà láàyè.

Ìmọ̀ yìí rí ilé gbé ní Àkúrẹ́, nítorí pé FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ọ̀sìn ẹja. Nígbà tí náírà sì pàdánù iyì rẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tí ẹja òkèèrè gbówó lórí, ẹni tó ní kànga lẹ́yìnkùlé rí i pé òun lè fi omi rẹ̀ sin àrọ̀ láti wá owó. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé ohun tó ń jáde láti inú ọ̀sìn ẹja ní Nàìjíríà fi díẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 25,000 ní ọdún 2000, ó sì ti kọjá 300,000 ní 2015. Íjíbítì nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ ní Áfíríkà.

Owó náà kì í dúró lọ́wọ́ olùsìn nìkan: ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ́ kànga, ẹni tó ń pa ẹyin ẹja tó sì ń ta ọmọ wọn, àti ní pàtàkì àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, tí iṣẹ́ wọn kì í sábà hàn nínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì lọ nínú ohun tí olùsìn ń ná tó ń bá oúnjẹ ẹja lọ, èyí tó dára jù nínú rẹ̀ sì ti pẹ́ tó ń wá láti òkèèrè. Nígbà tí ìjọba dẹ okùn náírà ní oṣù kẹfà 2023, owó àpò oúnjẹ fò sókè, ọ̀pọ̀ táǹkì sì gbẹ. Ìpalára yìí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèdàpọ̀ Fágbénró ti FUTA ti ṣe ìwádìí láti àwọn ọdún 1990 lórí bí wọ́n ṣe lè mú ẹja tí wọ́n ti jẹ́ kí ó kan, kí wọ́n pò ó mọ́ sóyà, kí wọ́n sì fi bọ́ àrọ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ní Ẹ̀rìwẹ̀ nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, lábẹ́ ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ darí láti dín òṣì kù, àwọn olùsìn para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹrù ìnáwó sì fúyẹ́ ju ti ẹni tó dá wà lọ.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó má ṣe torí táǹkì gbàgbé àwọn apẹja Ìlàjẹ, tí òkun ti gba apá ńlá ìlú Ayétòrò mọ́ lọ́wọ́. Kí ó sì yá àwọn ẹgbẹ́ olùsìn ẹja lówó láti dá ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹja sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, kí ó fi àgbàdo àti sóyà àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ṣe é, kí ó sì gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ FUTA jáde kúrò nínú ìwé.